Fẹ̀sọ̀ Mú Eré Àsápajúdé

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa débi pé kò sẹ́ni tó tún ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Wọ́n ń pa á fún ìyàwó tuntun, wọ́n ń pa á fún ọmọṣẹ́ tó ń kánjú àtigba òmìnira, wọ́n ń pa á fún olóṣèlú tó fìdí rẹmi nínú ìdìbò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó dá a sílẹ̀ kò dé erékùṣù Isle of Man rí. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí èèyàn yóò fi odidi ọdún kan fẹ̀sọ̀ mú nǹkan, tí nǹkan náà yóò sì jẹ́ pé kó lọ wo ẹlòmíràn níbi tó ti ń fagbára mú tirẹ̀. Òwe náà kò ní ẹsẹ̀ kẹta fún irú èyí.

Láàrin England àti Ireland ni erékùṣù yìí wà, òkun ló yí i ká. Gbogbo ará ibẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 84 lọ. Bí wọ́n bá kó gbogbo wọn wá sí Ìbàdàn, wọn ò ní ba ọjà jẹ́. Láti 1907 ni wọ́n ti ń sá eré alùpùpù tí wọ́n ń pè ní TT níbẹ̀, láti ìparí oṣù Karùn-ún wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Kì í ṣe pápá ìṣeré ni wọ́n ti ń sá a o. Ojú títì tí ìyá arúgbó ń gbà lọ ra búrẹ́dì ni. Wọn a ti ọ̀nà pa fún wákàtí mélòó kan, àwọn agun-alùpùpù a bọ́ sí i, wọn a tún ṣí i padà fún màmá. Ọ̀nà náà gùn ní máìlì 37.73, kọ́nà rẹ̀ ju igba lọ. Ó gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba iwájú ilé ọtí, ó fara kan ògiri olókùúta, ó gun ẹ̀gbẹ́ òkè Snaefell kó tó sọ̀ kalẹ̀ padà sí Douglas tí í ṣe olú-ìlú. Ní 2023, Peter Hickman fi ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú àáyá 36 yí gbogbo rẹ̀ po. Ìyẹn ju máìlì 136 lọ ní wákàtí kan, àti ibi tó ti rọra yípo àti ibi tó ti fò, a ti kà á pọ̀. Ní Sulby, níbi tí títì ti nà gbọọrọ, wọ́n máa ń sún mọ́ igba máìlì.

Àwọn tó ń sá a nìyẹn. Àwọn tó ń lọ wò wọ́n lọ̀rọ̀ mi kàn.

Mo ní àbúrò kan ní Manchester. Nígbà tó wà l'Ékòó, bó bá gun ọ̀kadà láti Ọ̀jọ́ta dé Kẹ́tu lásán, Sáàmù 91 ni yóò máa kà lẹ́yìn ọlọ́kadà, á tún máa gbá a léjìká: "Ọ̀gá, ẹ rọra o! Èmi nìkan ni ìyá mi bí o!" Irọ́ ni, a pọ̀ nílé. Ẹni yìí kan náà ló pè mí lóru ọjọ́ kan tí inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ṣí i! Mo ti rí tèmi gbà."

"Kí ni wọ́n ṣí?"

"Àyè inú ọkọ̀ ojú omi, sà. Ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà."

"Oṣù Kẹfà wo? Oṣù Kẹfà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni."

"Ti ọdún tó ń bọ̀ ni mo ń wí, sà. Bí èèyàn bá sùn lé e, ó ti tán nìyẹn."

Mo dákẹ́. Ìrántí ọdún kẹwàá tí bàbá wa ti kú ń bọ̀ nígbà náà. A ti bẹ̀ ẹ́ títí kó fi owó aṣọ ẹbí ránṣẹ́, èsì rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí la ń kánjú sí? Ẹ jẹ́ kó kù díẹ̀."

Ó sì tọ̀nà nípa ọkọ̀ ojú omi náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé alùpùpù tàbí mọ́tò rẹ̀ dání kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó wọ ọkọ̀ ojú omi, bíi láti Heysham tàbí Liverpool, ó sì lé ní wákàtí mẹ́ta àbọ̀ láti Heysham sí Douglas bí òkun bá gbà. Kì í fìgbà gbogbo gbà. Ọkọ̀ ò pọ̀, èrò ń wá láti Jámánì, láti Faransé, láti Ọsirélíà pàápàá, nítorí náà ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ti ń jà sí àyè. Ilé ìtura erékùṣù náà kò lè gba gbogbo wọn, ni àwọn onílé bá ń yá àlejò ní yàrá tí ọmọ wọn ń sùn, tí àwọn àgbẹ̀ sì ń yá èèyàn ní pápá kó wá pàgọ́ sí i. Ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ yóò kọ́kọ́ wá físà Ìlú Ọba, nítorí òun náà ni wọ́n ń lò wọ erékùṣù yìí. Mo bọ̀wọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bó bá fi lè fara da ìbéèrè àwọn tó ń fúnni ní físà tán, kò sí eré kankan tó tún lè dẹ́rù bà á.

Àbúrò mi kò dá lọ. Àwọn ọmọ Yorùbá bíi mélòó kan ni wọ́n jọ ń lọ, níbi tí wọ́n bá sì ti ju ẹni méjì lọ, ẹgbẹ́ ti dé nìyẹn. Ó ti wà lórí WhatsApp. Wọ́n ti yan alága, wọ́n ti yan akápò, wọ́n ti pín ẹni tó máa se jọ́lọ̀ọ̀fù àti ẹni tó máa gbé kúlà. Ìjà tó ń lọ lọ́wọ́ báyìí ni ti ibi tí wọn yóò jókòó sí. Alága ní Ballaugh Bridge ni, níbi tí alùpùpù ti máa ń fò lórí afárá kékeré tí táyà méjèèjì ò ní kan ilẹ̀. Akápò fẹ́ Creg-ny-Baa. Ó ní ibẹ̀ ni èèyàn ti ń rí wọn láti òkèèrè bí wọ́n ṣe ń já bọ̀ láti Kate's Cottage. Kò sọ pé ilé ọtí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnìkan ní Bray Hill ló dára jù, nígboro Douglas, níbi tí wọ́n ti ń já gẹ̀ẹ́rẹ́ láàrin ilé àwọn èèyàn. Ìjà yìí kì í ṣe ìjà kékeré, nítorí bí wọ́n bá ti ti ọ̀nà pa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ré títì kọjá mọ́. Ibi tí o bá jókòó sí lo máa wà títí wọn yóò fi ṣí i, bí òjò ń rọ̀, bí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́.

Bí a bá wá fẹ̀sọ̀ la gbogbo èyí kọjá tán, kí ni ojú ń rí? Àbúrò mi ti lọ rí, òun náà ló sì tú àṣírí fún mi láìmọ̀. Wọn kì í jọ sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, aago ni oníkálukú ń bá du ipò. Ìró ni yóò kọ́kọ́ dé. Kí o tó mọ̀ pé ìró lo gbọ́, fìrì! Ó ti lọ. Ewé ara igi ni yóò jẹ́rìí pé nǹkan kọjá. Eré Senior, tó jẹ́ olórí gbogbo wọn, ìyípo mẹ́fà ni wọ́n ń ṣe é nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára: ẹ̀ẹ̀mẹfà péré lo máa rí ẹni tí o wá wò, kò sì ní dúró kí ọ. Nítorí pé aago ni wọ́n ń bá sáré, ẹni tó kọ́kọ́ kọjá níwájú rẹ lè jẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn jù lọ. Báwo ni èèyàn ṣe wá ń mọ ẹni tó ń borí? Wọ́n ń gbọ́ ọ lórí rédíò! Ó fi owó sọdá òkun, ó sùn lórí koríko, ó jókòó sórí ògiri olókùúta láti àárọ̀, ó wá fi rédíò sétí kí wọ́n lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀ fún un.

Ó tún kù. Láti 2022 ni àwọn tó ni eré náà ti ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, pẹ̀lú kámẹ́rà lára alùpùpù àti nínú hẹlikópítà. Ìyàwó àbúrò mi nawọ́ nasẹ̀ sórí àga ní Manchester, ó ń mu tíì, ó rí gbogbo rẹ̀. Òun ló pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù: "Dádì, ẹni tẹ́ ẹ lọ wò ti bọ́ sípò kìíní o." Àbúrò mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ èyí fún mi láìrẹ́rìn-ín rárá.

Ojú ọjọ́ ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni òwe wa ti ń tiro. Àwọn ará erékùṣù náà ní ìtàn àtayébáyé nípa Manannán, òrìṣà òkun wọn, tó máa ń fi kùrukùru bo ilẹ̀ náà kí ọ̀tá má baà rí i. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí kùrukùru bá ti sọ̀ sórí òkè, hẹlikópítà tí yóò gbé ẹni tó bá ṣubú lọ sí ọsibítù kò ní ríran fò. Bí hẹlikópítà kò bá sì lè fò, eré ò sí. Wọn a ní ẹ dúró fún wákàtí kan. Wọn a ní ẹ dúró fún wákàtí kan sí i. Àwọn ìyá ìjọ tó ń ta tíì àti kéèkì nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́bàá ọ̀nà a máa jèrè. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a ní ó di ọ̀la, ọ̀la náà sì ni ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi rẹ ń padà, èyí tí o ti sanwó rẹ̀ láti èṣí. Ní 2025, afẹ́fẹ́ líle ni kò jẹ́ kí wọ́n sá Senior rárá, lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn gbogbo ayẹyẹ náà. Ní 2001, àrùn ẹran ọ̀sìn tó ń jà ní Ìlú Ọba ló fagi lé gbogbo rẹ̀. Ní 2020 àti 2021, Kòrónà ni. Kí ẹni tó pa òwe wá sọ fún mi: ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú fún ọdún kan, tó wá bàjẹ́ láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún nítorí kùrukùru, kí la ń pe ìyẹn?

Bóyá nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń kí àwọn ẹni inú igbó. Lójú ọ̀nà tó ti Castletown wá sí Douglas, afárá kan wà tí wọ́n ń pè ní Fairy Bridge. Wọ́n ní àwọn iwin kéékèèké ló ni ibẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá ní láti kí wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dára. Òyìnbó tó mọ̀wé ń kí wọn. Awakọ̀ takisí ń kí wọn. Ògbóǹtarìgì agun-alùpùpù tí ilé iṣẹ́ ńlá ń sanwó fún máa ń lọ síbẹ̀ lọ kí wọn kó tó gun ohunkóhun. Ẹ sì rántí irú ọ̀rọ̀ tí òyìnbó sọ fún àwọn bàbá bàbá wa nípa kíkí ẹni tó wà nínú odò. Àbúrò mi, díákónì ni ní ìjọ rẹ̀. Ó ní òun kí wọn. Ó ní kíkí kì í ṣe ẹbọ.

Bí eré yìí tilẹ̀ ṣe dé erékùṣù náà, sísá fún ẹ̀sọ̀ ló gbé e débẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ní 1903 sọ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sá ju 20 máìlì lọ ní wákàtí kan, ìjọba kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ti títì pa nítorí eré. Julian Orde, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ nígbà náà, rántí pé ìbátan òun, Lord Raglan, ni gómìnà Isle of Man, àti pé ibẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀, Tynwald. Ní 1904, Tynwald ṣòfin tó fàyè gba pípa ọ̀nà dé fún eré ọkọ̀. Ìjọba ní ẹ rọra. Wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ síbi tí ìbátan wọn ti lè ní ẹ má rọra. Àṣé kì í ṣe àwa nìkan la mọ bí wọ́n ṣe ń wá ẹni tó mọ ẹnìkan ní ilé iṣẹ́ ìjọba! Nígbà tí eré alùpùpù wá bẹ̀rẹ̀ ní 1907, Charlie Collier tó gba ipò kìíní lórí alùpùpù Matchless, eré rẹ̀ kò tó máìlì 39 ní wákàtí kan. Ọ̀kadà tó ti gbó ní Ìwó Road ń sá ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú èrò méjì àti àpò ìrẹsì kan lẹ́yìn.

Kò sí yẹ̀yẹ́ kankan lẹ́nu mi fún àwọn tó ń sá eré náà. Bí a bá wò ó dáadáa, àwọn gan-an ló ń fẹ̀sọ̀ mú un. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọn kì í kàn tú u sílẹ̀: ẹni tó mọ ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ ṣáájú rẹ̀ níwọ̀nba eré. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń há àwọn kọ́nà igba ó lé náà sórí, ibi tí ọ̀dà ti yí padà, ibi tí òjìji igi kì í jẹ́ kí omi gbẹ. Joey Dunlop, ará Ballymoney ní Àríwá Ireland, tó ní ilé ọtí nílùú rẹ̀, gba eré yìí ní ìgbà 26. Nígbà tí kò bá sáré, á kó oúnjẹ àti aṣọ sínú ọkọ̀, á wà á fúnra rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Romania àti Bosnia. Ní 2000 ni ìjàǹbá pa á níbi eré mìíràn ní Estonia. Ère rẹ̀ wà lórí òkè Isle of Man báyìí, ó ń wo ọ̀nà. Michael, ọmọ àbúrò rẹ̀, ti kọjá rẹ̀: títí di 2025, ìgbà 33 ló ti gbégbá orókè. Bàbá Michael kú níbi eré ojú títì ní 2008, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 2018.

Láti 1911 tí wọ́n ti ń gba orí òkè yẹn, àwọn tó ti bá ìdánrawò àti eré lọ lójú ọ̀nà náà ju 260 lọ. Ọdún 2022 nìkan mú ẹni mẹ́fà. Giacomo Agostini, ará Ítálì tó ti gbà á nígbà mẹ́wàá, kọ̀ láti padà síbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn 1972, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gilberto Parlotti kú sí i. Nígbà tó di lẹ́yìn 1976, wọ́n yọ TT kúrò nínú ìdíje àgbáyé. Àwọn tó ṣì ń lọ, ojú wọn là sílẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ. Èmi kò ní òwe tí mo lè pa fún wọn.

Èrò ìwòran ni tèmi. Ọjọ́ Àìkú kan wà láàrin ayẹyẹ náà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mad Sunday. Lọ́jọ́ yẹn, àti títí dòní nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣí ọ̀nà, ẹnikẹ́ni tó bá ní alùpùpù lè gun orí òkè tí àwọn akọni ń gùn. Ìjọba a ti sọ ọ̀nà náà di àlọ nìkan láti Ramsey wá sí Douglas ní gbogbo àkókò TT, kí ẹnikẹ́ni má baà pàdé ẹnikẹ́ni níwájú, níbi púpọ̀ lórí òkè náà kò sì sí òfin tó ń díwọ̀n eré. Ẹ wá wo àwọn onísùúrù wa. Oníṣirò owó tó fi oṣù mẹ́ta yan irú àgọ́ tí yóò rà. Olùkọ́ ará Jámánì tó kọ orúkọ gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé. Bàbá àgbà tó fi okùn mẹ́rin so alùpùpù rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi, tó tún padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá ti kọjá Ramsey, tí òkè ṣí sílẹ̀ níwájú wọn, oníkálukú ti di Dunlop. Kọ́nà tí àwọn kan fi ogún ọdún há sórí, wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n láàárọ̀ kan lẹ́yìn tíì. Ìran kì í wòran, àwọn àgbà wa ló wí bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n lórí òkè yẹn, ẹni tó wá wòran ló ń di ìran, tí àwọn ọlọ́pàá àti nọ́ọ̀sì yóò sì máa sáré tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Mo sọ èyí fún àbúrò mi. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun kì í ṣe ọmọdé. Òun kàn fẹ́ wá alùpùpù kan yá ni lọ́jọ́ kan tí ọ̀nà bá ṣí, kóun gùn ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba orí òkè kọjá, kí alága ya fọ́tò òun níbi ère Joey Dunlop.

"Kò burú," mo ní. "Ṣé o ti wá gba láísẹ́ńsì alùpùpù?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn náà ò ṣòro," ó ní. "Ọdún ṣì gùn. Ẹ jẹ́ kó kù díẹ̀."